Orúkọ Tí Ìyá Rẹ̀ Fi Pè É

  

Ní ìsinmi ọdún Iléyá tó kọjá, mo mú àwọn ọmọ mi mẹ́ta gun Òkè Olúmọ. Ìyá wọn ló fi ọ̀rọ̀ tì mí débẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ tí mò ń wàásí fún àwọn òbí pé kí wọ́n máa wá àyè fún ọmọ wọn, òun kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí wáàsí náà máa dé ilé tiwa. Mi ò rí èsì fọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Láàárọ̀ mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì mo wà ní ilé kéwú, nígbà tí mo bá sì fi máa kírun Íṣàì délé, àwọn tèmi ti sùn. Ọmọ ọlọ́mọ ló mọ ẹ̀rín mi jù ní Abẹ́òkúta yìí.

Àtẹ̀gùn la gbà gòkè, a ò wọ ẹ̀rọ agbéniròkè, nítorí àwọn ọmọ fẹ́ ka àtẹ̀gùn náà. Kálukú ló ka tiẹ̀, iye wọn ò sì dọ́gba, wọ́n ń jà sí i títí a fi dé abẹ́ àpáta níbi tí àwọn bàbá wa sá pamọ́ sí nígbà ogun. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí á ti rí àwọn ihò róbótó tó wà nílẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ àpáta náà. Àwọn obìnrin ló ń lọ nǹkan níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lọ ọ́ lójoojúmọ́ ni àpáta ń jẹ wọlé. Ọmọ mi kejì, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wọn ọ̀kan nínú àwọn ihò náà. Ó wò ó, ó wò mí.

Ó ní, “Bàbá, ṣé àwọn ọmọdé náà sá wá síbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí ni wọ́n wá ń fi ṣeré?”

Ẹ̀yin ará mi, mo dákẹ́. Mo lè ka orúkọ àwọn kálífà ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Mo lè sọ ọdún tí ogun Bádírì wáyé. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ́n kọ́ wa ní ìtàn Ẹ̀gbá, a kọ́ orúkọ àwọn ológun, ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tó sá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń ṣe lábẹ́ Olúmọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló bí àròkọ ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Kí Abẹ́òkúta tó wà, ìlú kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbé nínú igbó, títí dé ibi tí Ìbàdàn wà lónìí. Aké, Ìgbẹ̀in, Kémta, Ìtòkú, Ìjẹùn àti àwọn yòókù, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí ogun Òwu jà ní nǹkan bí ọdún 1820 sí òkè, àwọn ọmọ ogun tó fọ́ Òwu kò túká, wọ́n kọjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣẹ́kù bá ara wọn ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn tó lé wọn kúrò nílé. Ibẹ̀ ò tù wọ́n lára. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sábẹ́ Olúmọ, àwọn Òwu náà sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Gbogbo wa la mọ ibẹ̀ yẹn. Orúkọ ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú igbó náà ni wọ́n fi sọ àdúgbò wọn tuntun, òun la ṣì ń dárúkọ fún ọlọ́kadà dòní.

Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ọmọ ni èrè ogun ayé ìgbà náà. Ìgbà òwò ẹrú ni. Ọkùnrin tó lágbára á jà tàbí kó sá, àgbàlagbà kò lówó lórí. Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, tó tún fa òmíràn lọ́wọ́, kò lè sáré, àwọn wọ̀nyí lọwọ́ máa ń tẹ̀. Nítorí náà, ìlú tó dó sábẹ́ àpáta yìí kì í ṣe ìlú àwọn ìdílé pípé. Ilé tí bàbá wà tí ìyá kò sí, ìyá tó bí mẹ́rin tó kù ú ku ẹyọ kan, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó bí i. Ìlú àwọn tó ń wá ara wọn ni.

Ìtàn ìdílé kan wà tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Kì í ṣe ìdílé Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta níbí ni ìtàn náà ti parí. Ìdílé Àjàyí ni, ẹni tí ayé mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa bi mí pé kí ni olùkọ́ kéwú ń fi ìtàn bíṣọ́ọ̀bù ṣe. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Òṣogùn, lọ́nà Ìṣẹ́yìn, ni ilé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, wọ́n ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, èmi náà sì ka ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí oúnjẹ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Kò sẹ́ni tó ń retí nǹkan kan. Àárọ̀ bíi ti gbogbo ọjọ́ ni: èéfín, omi, ariwo ọmọdé. Àjàyí ò tíì ju ọmọ tí à ń kọ́ ní ìwé Kùránì lọ nílé kéwú wa. Ká tó wí ká tó fọ̀, ogun ti yí ìlú ká. Bàbá rẹ̀ sáré wálé wá sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà rí i kẹ́yìn. Ọwọ́ tẹ òun, ìyá rẹ̀ Àfàlá, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì tí ọ̀kan ṣì wà lọ́mú, àti ọmọ ẹbí wọn kan. Wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dé Ìṣẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Àjàyí bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Wọ́n fi òun gan-an pààrọ̀ ẹṣin. Fún ìgbà díẹ̀ ó tún wà nítòsí ìyá rẹ̀, kó tó di pé wọ́n tún tà á síwájú. Láti ọwọ́ sí ọwọ́, ó dé etí òkun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú omi, wọ́n sì gbé òun àti àwọn yòókù lọ sí Sàró.

Ibi tó yẹ kí n sọ òótọ́ nìyí. Nínú àwọn tó kó Òṣogùn, Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Àjàyí kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí ìdí kankan tí màá fi sọ pé irọ́ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ilé kéwú, bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀rọ̀ yìí wá, à ń bínú ni. Lónìí tí mo ti bímọ, mi ò lè bínú mọ́. Ẹni tó ń kírun, tó wá ń fi okùn so ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, èmi ò ní bá a wá àwáwí.

Ṣèbí àwa la ní hádíìsì Abú Ayyúbù Al-Ànsárì, tí Tírímísí gbà wá, pé ẹni tó bá ya ìyá nípa sí ọmọ rẹ̀, Ọlọ́hun yóò ya òun náà nípa sí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́ Àjíǹde. Ọ̀rọ̀ ẹrú ogun gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́. Abú Dáwúdù náà sì gba ìtàn ẹyẹ kan wá fún wa láti ọwọ́ Ìbn Másúúdù: àwọn sàhábé kó ọmọ ẹyẹ méjì nínú ìrìn àjò, ìyá ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri lórí wọn, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì béèrè ẹni tó fi ọmọ dun ìyá náà, ó ní kí wọ́n dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà fún un. Ẹyẹ nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Abẹ́òkúta. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọjọ́ ọjà nígbà náà: ẹnì kan wọ ṣòkòtò òyìnbó, ó ń wo ojú àwọn ìyá arúgbó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther náà dé pẹ̀lú Henry Townsend, ó wá bá iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó débẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Wọ́n ti gbọ́ pé ó wà nílùú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya ara wọn, ó ti tó ọdún 25.

Ohun tó kọ nípa ọjọ́ yẹn kò gùn. Ó ní ìyá náà ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kankan, omijé ń dà lójú ìyá arúgbó tó ti gbẹ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ kan pè é, àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń fi pè é nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Obìnrin yìí ti pàdánù ọkọ, ó ti pàdánù ilé, wọ́n ti kó o lẹ́rú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú. Ọdún 25 kọjá lórí rẹ̀. Kò mú ìkòkò kan jáde nínú ilé Òṣogùn, kò mú aṣọ kan. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé wọn, òun ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, òun ló sì kọ́kọ́ mú jáde. Ọkùnrin tó gbọ́ ọ ti lé lẹ́ni 30 ọdún, ó ti di àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843. Ó dá orúkọ náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo bi ara mi ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀: tí ọmọ mi bá jìnnà sí mi fún ọdún 25, kí ni màá fi pè é tó máa mọ̀ pé èmi ni? Ó ní orúkọ súná, ó ní orúkọ ilé ìwé. Orúkọ tí mo máa ń fi pè é nígbà tí mo bá délé ni, “Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ ilé?”

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò fẹ́ràn oríkì mọ́. Wọ́n ní Àjàní, Àkànní, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàbí, ti ayé jàhílíyà ni. Mi ò bá wọn jiyàn níbí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ìwà Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ni pé òun náà máa ń fi orúkọ ìkẹ́ pe ọmọdé. Ọmọ kékeré kan wà nílé Abú Tàlíhà, àbúrò Ánásì ni, tó ní ẹyẹ kan tó ń bá ṣeré. Ànábì fún ọmọ náà ní orúkọ àgbà, ó ń pè é ní Bàbá Úmáírì, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, tí inú ọmọ bàjẹ́, ó jókòó tì í, ó bi í léèrè ẹyẹ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó bá orúkọ náà dún pọ̀. Àwọn onímọ̀ ti yọ òfin lóríṣiríṣi láti inú hádíìsì yẹn, àwọn kan kọ odindi ìwé lé e lórí. Èmi kàn ń wo ẹni tí gbogbo ayé ń dúró dè, tó jókòó síwájú ọmọdé nítorí ẹyẹ.

Òun kan náà ló gbé Ùmámọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ́wọ́ nígbà tó ń kírun fún àwọn ènìyàn, tó bá fẹ́ fi orí kanlẹ̀ á gbé e sílẹ̀, tó bá dìde á tún gbé e. Òun ló pẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀ títí àwọn ènìyàn fi rò pé nǹkan ṣe é, àṣé ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gùn ún lẹ́yìn, kò sì fẹ́ kán an lójú. Àkúráù ọmọ Hábísì rí i tó fẹnu ko Hásánì lẹ́nu, ó ní òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun ò fẹnu ko ìkankan rí. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ni pé ẹni tí kò bá ṣàánú, a kò ní ṣàánú òun náà. Àwọn aáfà wa sábà máa ń ka hádíìsì yìí bí ìtàn ará oko kan. Lójú tèmi, Àkúráù pọ̀ nínú àwa aáfà gan-an.

Àfàlá àti ọmọ rẹ̀ kò tún ya ara wọn báyẹn mọ́. Crowther ní ọmọ, Dandeson tí wọ́n bí ní ọdún 1844 kò tíì pé ọmọ ọdún méjì lọ́dún tí wọ́n ríra. Ìyá náà gba ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1848, ó sì pẹ́ láyé gan-an. Ọdún 1883 ló kú. Ó ti wà láyé nígbà tí Abigail, ọmọ Crowther, bí Herbert Macaulay ní ọdún 1864, Macaulay tí gbogbo wa kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Nàìjíríà. Obìnrin tí wọ́n so lókùn mọ́rùn lójú oúnjẹ àárọ̀ ló di ìyá bàbá àgbà ọkùnrin yẹn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí ìyá. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kọlu Òkè-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Yewa, ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Wọ́n kó ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ, àwọn òbí rẹ̀ kú nínú ogun náà. Wọ́n ní Àìná lorúkọ rẹ̀. Ọba Gezo fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ́rẹ ní ọdún 1850, Forbes sì sọ ọ́ ní Forbes àti Bonetta, orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria ló ń náwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó wọ aṣọ dáadáa, ó kàwé, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ tó dára púpọ̀. Orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pe ọmọ yẹn títí ó fi kú ní ọdún 1880. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n fi í tọrẹ, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, Dàhọ̀mì yìí kan náà dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, lọ́nà Aró. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní ọdún 1864, wọ́n tún lé wọn. Àwọn tó dúró lórí odi yẹn mọ ohun tó wà lẹ́yìn wọn.

Ó wá ku ìbéèrè ọmọ mi. Kí ni wọ́n ń fi ṣeré?

Mo bi àwọn àgbà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi kò ṣàjèjì, ó kàn jẹ́ pé mi ò kà á sí ìtàn tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n ta òkòtó. Wọ́n ṣe bojúbojú. Wọ́n ṣe ẹkùn mẹ́ran, tí àwọn ọmọ á di ọwọ́ ara wọn mú yí ká, tí ọ̀kan á jẹ́ ẹkùn, ọ̀kan á jẹ́ ẹran. Wọ́n jókòó ti àwọn tó ń ta ayò títí àwọn náà fi mọ̀ ọ́n ta. Tí òṣùpá bá yọ, wọ́n pa àlọ́. Àpáta Olúmọ gan-an, ta ló fẹ́ sọ fún mi pé ọmọdé rí irú ibi ìyọ̀ tó dára tó yẹn tí kò fìdí yọ̀ ọ́?

Ìyókù, iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọmọ wà níbẹ̀ tó ń ṣeré lọ́wọ́. Ẹ̀gbá ní ilé nílùú, ó ní abà lóko, gbogbo ilé ló máa ń rìn láàárín méjèèjì. Ọmọ kékeré ló ń lé ẹyẹ lóko. Nígbà tí wọ́n bá ń sá láfún sórí àpáta, òun ló ń lé ewúrẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àdìrẹ gbòde ní Abẹ́òkúta níbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì tó kọjá, àwọn ìyá ní Ìtòkú àti Kémta ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, àwọn ọmọ á jókòó yí wọn ká. Ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ so aṣọ àdìrẹ oníko kò mọ ìgbà tí eré parí tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé ayé ìgbà náà dùn. Ebi wà, àìsàn ń pa ọmọ. Bàbá tó jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí ọmọ náà máa sin olówó títí gbèsè á fi tán, àwọn bàbá Mùsùlùmí náà ṣe é. Ìyapa ni èyí náà, ó kàn jẹ́ pé kò sí ogun níbẹ̀ ni.

Ìwé kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọdé ṣe ń gbé ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ogun lè kà, *Aké* ti Wole Soyinka, tó jáde ní ọdún 1981. Wọ́n bí i ní ọdún 1934, bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé St. Peter's ní Aké. Ọmọ olùkọ́ bíi ti àwọn ọmọ mi. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tó fi kó ìwé bàbá rẹ̀, tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ìwé, wọn ò sì lé e. Ní ọjọ́ mìíràn ó tẹ̀ lé àwọn ọlọ́pàá onífèrè láti Aké, ó ń rìn, ó ń rìn, ó dé Ìbarà. Nígbà tí mo kà á, ohun tó yà mí lẹ́nu ni iye ìgbà tí bàbá náà wà níbẹ̀. Ó wà nídìí òdòdó rẹ̀, ó wà nídìí oúnjẹ, ó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ jiyàn, ọmọ sì wà nítòsí tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìṣirò tèmi ni pé olùkọ́ lọ́dún náà lọ́hùn-ún máa ń délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Tiwa ńkọ́? Àwọn òbí kan nílé kéwú wa ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n ń gbé Abẹ́òkúta. Wọ́n ń jáde nígbà tí wọ́n bá kí Sùbúhì tán, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ kí i lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kó wọn lẹ́rú, owó ilé ìwé ọmọ náà ni wọ́n ń wá lọ, mi ò sì ní dá wọn lẹ́bi. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, máa ń bú sẹ́kún lọ́jọ́ Sátidé tí òun bá gbé e, nítorí ó ti gbàgbé òun láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, torí mi ò mọ ohun tí ǹ bá tún ṣe. Ní tèmi tí mi ò lọ sí Èkó, tí ilé kéwú mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílé lọ, àwáwí wo ni mo ní?

Ohun tí mo ṣe kò pọ̀. Mo bẹ ọ̀gá ilé kéwú pé kí olùkọ́ mìíràn máa gba kíláàsì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú lọ́wọ́ mi, owó tó ń wọlé sì dín kù díẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ ní òun fara mọ́ ọn. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, mo délé lójúmọmọ, àwọn ọmọ rò pé ara mi ò yá ni. Àbíkẹ́yìn gbé omi wá fún mi.

Mo ní mo ti rí èsì ìbéèrè tí ẹnì kan bi mí ní Olúmọ. Mo sọ fún wọn nípa òkòtó. A ò rí ìkarahun tó dára, la bá lo ìdérí báírò bí àwa náà ṣe ṣe nígbà tí a wà ní kékeré. Mo ta tèmi, ó yí díẹ̀, ó ṣubú. Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ta tiẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń yí, ó ń yí, àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ọwọ́ bò ó kí afẹ́fẹ́ má dà á láàmú. Lórí òkòtó, ẹni tó bá pàdánù ló máa na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n gbá a. Mo ti sọ òfin yẹn fún wọn kí n tó ta tèmi, mi ò sì ronú pé ó máa kàn mí.

Ó ní, “Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín wá.”